Omi Tí Ó Sùn Mọ́jú

"Lítà mélòó ni báàfù ìwẹ̀ wa ń gbà, mà?"

"Ta ní í wọn báàfù, Rìnsọ́lá?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ń pọnmi kún un lọ́sẹ̀?"

"Ṣé tíṣà yín fẹ́ wá wẹ̀ nínú rẹ̀ ni?"

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé ojoojúmọ́ ni?"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni o ń pọn ọ́n? Ta ni o wá ń bi?"

"Gísà ńkọ́, mà? Wákàtí mélòó ni a fi ń tàn án lóòjọ́?"

"Ṣé o rí mi bí ẹni tí ó ráyè jókòó ti gísà?"

Ìyá Rìnsọ́lá bọ́ bàtà funfun rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Wákàtí méjìlá ni ó ti fi ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ àti ìwé tuntun níwájú.

"Iṣẹ́ iléèwé ni, mà," Rìnsọ́lá sọ. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni a óò fi ṣe é. Mísìsì Mokoena, tíṣà Jọ́gíráfì wa, ní kí olúkúlùkù ṣe àkọsílẹ̀ omi àti iná tí ilé rẹ̀ ń lò, kí ó sì kọ ojú ìwé méjì nípa ohun tí ó rí nínú ìwà ara rẹ̀."

"Ohun tí mo rí nínú ìwà ara tèmi ni pé oorun ń kùn mí. Kọ ohun tí ó bá tọ́. Ṣé o ti da omi àná nù?"

"Mo ti dà á nù, mà."

"O fọ báàfù?"

"Mo fọ̀ ọ́. N óò pọnmi kún un kí n tó lọ."

"Ó dára. Má gbàgbé kẹ́ẹ̀gì." Ó wọ yàrá lọ. Kò pẹ́ tí Rìnsọ́lá fi gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún lábẹ́ rẹ̀, bí ẹrù tí a sọ̀ kalẹ̀.

Ọdún 2016 ni, ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Odò Vaal tí wọ́n sé, tí Johannesburg ń mu, ti fà débi pé àwòrán ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó gbẹ tí ó sì là, wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn. Ìjọba ìlú ti fòfin de fífi rọ́bà omi fọ ọkọ̀ àti fífi omi wọ́n koríko lọ́sàn-án. Lọ́dún tí ó ṣáájú, iná ni wọ́n ń pa ní àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn. Nísinsìnyí, ó kan omi.

Nínú ilé alájà mẹ́jọ tí Rìnsọ́lá àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Hillbrow, ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ní mítà iná tirẹ̀ lára ògiri ilé ìdáná, tí nọ́ńbà orí rẹ̀ sì ń dín kù lójú ẹni tí ó bá wò ó. Nítorí náà, ìyá Rìnsọ́lá kì í fi gílóòbù kan sílẹ̀ ní títàn lásán. Gísà tí ń mú omi gbóná nìkan ni kì í pa, nítorí kò sí wákàtí tí kò lè ti ibi iṣẹ́ dé, tí kò ní fẹ́ omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n mítà omi, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo ilé, nínú àpótí irin tí a fi àgádágodo tì nísàlẹ̀. Iná ní ẹlẹ́rìí lọ́dọ̀ oníkálukú. Omi kò ní.

Ìyá Rìnsọ́lá kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ omi. Ìlú kékeré kan ní Èkìtì ni ó dàgbà sí, níbi tí ọmọdé ti ń jí lọ sódò kí àkùkọ tó kọ. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti gbẹ fún ọjọ́ méjì gbáko ní Hillbrow, ó ti ra kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì, ó sì ti pàṣẹ pé báàfù kò gbọdọ̀ ṣófo sùn. Àṣẹ kejì tẹ̀lé èkíní: omi tí ó bá sùn mọ́jú kò gbọdọ̀ kan ara ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Rìnsọ́lá a fa ìdérí ìdí báàfù yọ, omi a sì máa hó gbòò lọ sínú páìpù. A da ti kẹ́ẹ̀gì méjèèjì tẹ̀lé e. Yóò wá bu omi gbígbóná láti inú gísà wẹ̀, yóò fọ báàfù, yóò sì tún pọn omi tuntun kún gbogbo rẹ̀. Ọdún méjì ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, láìronú sí i ju bí ènìyàn ti ń ronú sí ilẹ̀ gbígbá lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ike alálítà márùn-ún ni ó fi wọ̀n ọ́n. Báàfù gba àádọ́jọ lítà. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Igba lítà ni gbogbo rẹ̀. Ó wá ṣírò ìwẹ̀, oúnjẹ, abọ́ fífọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ọgọ́ta péré. Igba lítà ń wọlé, igba lítà ń jáde lójoojúmọ́, kò kan ẹnu, kò kan ara, kò kan ìkòkò. Rìnsọ́lá wo nọ́ńbà náà bí ẹni tí ó rí orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri ilé ẹjọ́. Kò tí ì kọ nǹkan kan nígbà tí ó pa ìwé dé.

Ní ọjọ́ kẹta, òun àti Tèmilọlá, ọmọ kíláàsì rẹ̀, jọ ń ti iléèwé bọ̀. Àjà kẹrin ni Tèmilọlá ń gbé, ní ìsàlẹ̀ ilé Rìnsọ́lá gan-an. Yíwọlá, bàbá Tèmilọlá, tí ó jẹ́ Yorùbá, ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀, Magdalene, ọmọ Sotho ni. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé àlejò kan ní Mayfair ni Magdalene ń fọ̀ jẹun, lórí òrùlé ilé wọn, níbi tí àwọn ọpọ́n ìfọṣọ àti okùn ìsáṣọ wà fún gbogbo ayálégbé.

"Mélòó ni tiyín?" Tèmilọlá bèèrè.

"Jẹ́ kí n gbọ́ tiyín ná."

"Eish, tiwa burú. Ọjọ́ tí màámi bá fọṣọ, ọgọ́sàn-án lítà. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń fọ̀ ọ́."

"O kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ti ta ni kí n kọ? Ti ìyá rẹ?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró títí iná róbọ́ọ̀tì tí ń darí ọkọ̀ fi fún wọn láyè, wọ́n sì sọdá.

"Kò sí ẹni tí yóò wá wò ó, o mọ̀," Rìnsọ́lá sọ. "O lè dín in kù."

"Màámi ní n kò gbọdọ̀ dín in. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pẹ̀lú pé omi tí a fi ṣan aṣọ ni a fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyókù sì ni a fi ń rẹ aṣọ ọjọ́ kejì. Tiyín wá ńkọ́?"

"N kò tí ì parí rẹ̀."

Nígbà tí ó délé, ó ṣí ìwé náà. Mísìsì Mokoena ti ṣèlérí pé iṣẹ́ tí ó bá dára jù ni òun yóò kà sétí gbogbo kíláàsì. Rìnsọ́lá ronú nípa ohùn tíṣà náà tí yóò máa ka igba lítà tí a dà nù, àti nípa ẹ̀rín tí yóò tẹ̀lé e. Ó ronú nípa ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Nọ́ọ̀sì, tí ó máa ń kọ́ àwọn aládùúgbò bí a ti í tọ́jú ilé. Ó kọ ọgọ́ta. Ó rọrùn fún un ju bí ó ti rò lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá fi pé, ó ti kọ ojú ìwé méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: "Nínú ilé wa, a kì í fi omi ṣòfò." Irọ́ bíbí kò nira; títọ́ ọ dàgbà ni iṣẹ́ ńlá.

Mísìsì Mokoena ka iṣẹ́ náà sétí kíláàsì. Ó fi bírò pupa sàmì tí ó dára jù lọ sí i lórí. Ìyá Rìnsọ́lá rí àmì náà nígbà tí ó ti ibi iṣẹ́ dé; oorun kò jẹ́ kí ó ka ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kàn fi ọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lórí, ó ní, "Wàá ṣe jù báyìí lọ," ó sì lọ sùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi, aṣírò-owó kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Marshalltown, tí ó sì jẹ́ alága àwọn ayálégbé ilé náà. Ó ti ní lẹ́tà ìjọba ìlú lápò nígbà náà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gùn: ilé náà ti lo omi kọjá ààyè, bí oṣù tí ó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò fi ẹ̀rọ kan dí páìpù rẹ̀, omi yóò sì máa kán tó, tó, tó. Ó pe ìpàdé sí ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kejì. Ó ní kí Rìnsọ́lá àti Tèmilọlá mú ìwé wọn wá. Ìyá Rìnsọ́lá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí lẹ́tà wí," Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi sọ. "Ẹnì kan nínú wa ń lo omi bí ẹni tí ó ni odò. Ta ni?"

"Alága, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà." Serifat ni ó sọ̀rọ̀, obìnrin tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge nísàlẹ̀. "Ẹ gun òrùlé lọ. Láràárọ̀ ni aṣọ funfun tò síbẹ̀ bí ọ̀wọ́ lékeléke."

"Serifat, iṣẹ́ mi ni," Magdalene dáhùn. Yorùbá tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ ni ó ń sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó ń ka owó. "Ìwọ náà ń fọ irun."

"Irun orí mélòó ni yóò mu omi tó bẹ́ẹ̀dì ogún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀rí sọ̀rọ̀. Ìwé méjì nìyí, tí àwọn ọmọ wa fọwọ́ ara wọn kọ. Ti ilé Nọ́ọ̀sì: òjìlélẹ́gbẹ̀rin lítà ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ti ilé Ìyá Tèmilọlá: aṣọ fífọ̀ nìkan, òjìlélégbèje. Rìnsọ́lá, ìwọ ni o kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí ó ti wà nínú ilé yín gan-an ni o kọ ọ́?"

Rìnsọ́lá tẹ orí rẹ̀ ba, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ bí àgbàlagbà náà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ wò ó bí ó ti dorí kodò. Ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ ni. Kò fẹ́ fi ìyìn ilé wọn yangàn lójú àgbà."

Báyìí ni ìdákẹ́ rẹ̀ ṣe di ẹ̀rí. Ìpàdé pinnu pé Magdalene yóò ṣíwọ́ aṣọ fífọ̀ lórí òrùlé láàárín ọjọ́ méje, tàbí kí ó wá ilé mìíràn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó ń bọ̀, yóò fọwọ́ sí ìwé èyí tí ó bá yàn. Magdalene kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gba ìwé ọmọ rẹ̀ padà, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ eteetí rẹ̀ tí ó ti ká.

Tèmilọlá dúró de Rìnsọ́lá lórí àtẹ̀gùn.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Omi wo ni ó ń hó nínú ògiri wa láràárọ̀?"

"Omi wo?"

"Ìbéèrè mi nìyẹn. Páìpù ilé yín gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kọjá. Òun ni ó ń jí mi. Ó ń pẹ́ kí ó tó tán."

"Ó lè jẹ́ ti àwọn ará òkè."

"Ó lè jẹ́ tiwọn. Ṣé tiwọn ni?"

Rìnsọ́lá ní ìyá òun fẹ́ dé, ó sì gòkè lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò fa ìdérí báàfù yọ. Ó fi agolo bu nínú omi tí ó sùn, ó fi wẹ̀, omi náà tutù ṣùgbọ́n ó mọ́. Ó rò pé bí òun bá dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ yóò tán. Ìyá rẹ̀ jí, ó sì wọ ilé ìwẹ̀.

"Kí ló dé tí omi àná fi wà níbí?"

"Ó mọ́, mà. Mo ti fi wẹ̀."

"O fi kí ni?"

"Omi ẹ̀rọ ni, mà. Wọ́n ti fi oògùn sí i."

Ìyá rẹ̀ jókòó sí etí báàfù. Kò pariwo. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kí ó pariwo lọ.

"Mo ní àbúrò kan tí n kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ rí," ó sọ. "Ayọ̀kúnmi ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, èmi jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀rùn kan mú, odò gbẹ, omi ti wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mẹ́ta. Òǹgbẹ gbẹ ẹ́, ó ní kí n bu omi fún òun. Ilẹ̀ ò tí ì mọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí onígbáméjì fi gbé e lọ. Èmi ni mo bu omi náà, Rìnsọ́lá. Ife tí mo fi bù ú, mo lè yà á fún ọ lónìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Gbogbo ohun tí o fẹ́ sọ nípa oògùn inú omi, wọ́n kọ́ mi ní iléèwé nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bí ọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n."

Ó na ọwọ́ náà sínú omi, ó sì fa ìdérí yọ fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo omi náà títí ó fi lọ tán. Rìnsọ́lá mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá sọ òótọ́, ìyá rẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. Bí ó bá sì dákẹ́, ìyá ẹlòmíràn ni yóò pàdánù iṣẹ́ àti ilé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú táksí, Tèmilọlá tún bi í. Rìnsọ́lá ṣe bí ẹni tí ó ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò ẹ̀yìn, ó sì nà án síwájú fún awakọ̀. Ní Ọjọ́rú, Tèmilọlá bi í lẹ́nu géètì iléèwé.

"Kí ló dé tí o fi ń bi mí lójoojúmọ́?"

"Kí ló dé tí o kò fi dáhùn lọ́jọ́ kìíní?"

Ní Ọjọ́bọ̀, Tèmilọlá kò bi í mọ́. Ó wọ táksí mìíràn. Rìnsọ́lá rò pé ara yóò tu òun. Kò tù ú.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gun òrùlé lọ. Ó ti pinnu láti sọ ọ́. Magdalene nìkan ni ó wà níbẹ̀, tí ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kúrò lórí okùn lábẹ́ oòrùn tí kò ní àánú.

"Ọmọ mi, ó dára tí o wá. Bá mi di etí aṣọ yìí mú."

Wọ́n jọ fà á le, wọ́n pa á pọ̀ sí méjì, wọ́n tún pa á pọ̀. Magdalene ń rìn wá pàdé rẹ̀, ó ń gba etí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń padà lọ mú òmíràn.

"Àwọn wọ̀nyí ni ìkẹyìn," ó sọ. "Ilé àlejò ti rí ẹlòmíràn."

"Níbo ni ẹ óò lọ, mà?"

"Ìyá mi ní yàrá kan, ní ìlú wa, ní Free State. Tèmilọlá yóò fi iléèwé sílẹ̀ díẹ̀. Ó ń bínú. Ó ní kí n jà." Ó gbé aṣọ tí wọ́n ti pa pọ̀ sórí àwọn yòókù. "Ìjà gba agbára. Ó rẹ̀ mí."

"Ẹ ò bínú sí mi, mà?"

"Nítorí kí ni? O kọ tiyín, ọmọ mi kọ tiwa." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. "Ìwé kì í bínú."

Rìnsọ́lá tún di etí aṣọ mìíràn mú. Tèmilọlá ti fi ìbéèrè lé e káàkiri fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti ń sá fún un. Ti Magdalene tí kò bèèrè ohunkóhun wá burú ju ìyẹn lọ. Ó bá a gbé aṣọ náà dé ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ohun tí ó bá wá.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ó ku wákàtí kan kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ tí ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí.

"Mo parọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń yangàn, mà."

"Ìwé wo?"

"Ti omi. Mo kọ ọgọ́ta. Ọ̀tàlénígba ni. Igba tí a ń dà nù, n kò kọ ọ́. Ìwé yẹn ni wọ́n fi dá Ìyá Tèmilọlá lẹ́bi."

Ìyá rẹ̀ bọ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò fi kọ ọ́?"

"Ojú tì mí. Nígbà tó yá, mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi yín rẹ́rìn-ín."

"O fi orúkọ mi bo irọ́ tìrẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ni o wá ń fẹ́ kí n ṣe? Kí n jókòó sáàárín wọn, kí Serifat máa wí pé Nọ́ọ̀sì tí ó ń kọ́ wa ní ìmọ́tótó ni ó gbé odò Vaal mì?"

"N kò mọ̀, mà."

"Èmi náà kò mọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, Rìnsọ́lá. Ó ti rẹ̀ mí láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá." Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn yàrá. Rìnsọ́lá dá lọ sí ìpàdé.

Àwọn ayálégbé ti pé. Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì, ó sì gbé bírò lé e. Magdalene jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Bí alága ti ń na bírò sí i ni Rìnsọ́lá rí ìyá rẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti ẹnu àtẹ̀gùn, pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀ àti ojú tí kò sùn. Ó jókòó sẹ́yìn gbogbo wọn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀," Serifat sọ. "Ẹ wá kọ́ wa bí ẹ ti ń fi ọgọ́ta lítà gbé lóòjọ́. Àbí ẹ ń fi itọ́ fọ abọ́ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," alága sọ. "Ìyá Tèmilọlá, níbí yìí ni ẹ óò kọ orúkọ yín sí."

Tèmilọlá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí wọ́n tó kọ ọ́. Rìnsọ́lá, mi ò ní bi ọ́ mọ́ lẹ́yìn èyí. Omi wo ni ó ń hó nínú ògiri wa láràárọ̀?"

"Ẹ má dójú ti ọmọ náà," Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi sọ. "Ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ ni. Ẹ kò rí i lọ́jọ́sí bí ó ti dorí kodò?"

"Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni mo fi dorí kodò, sà," Rìnsọ́lá sọ. Ó ti dìde láìmọ̀. Ó wo ẹ̀yìn, níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Gbogbo ojú bá a lọ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ó ń nu oorun kúrò.

"Dá a lóhùn," ìyá rẹ̀ sọ.

"Omi ilé wa ni, Tèmilọlá," Rìnsọ́lá sọ. "Igba lítà ni mo ń dà nù láràárọ̀ láìlò ó, mo sì ń pọn igba mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rìnlá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìyá rẹ, àwọn sì fi tiwọn jẹun. Ìbẹ̀rù ni ìyá mi fi ń tọ́jú omi. Irọ́ tí ó wà nínú ìwé, tèmi nìkan ni. Mo rò pé àṣìṣe tí ó bá wà nínú ilé wa, tí a bá ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò lè kan ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Páìpù kan náà ni gbogbo wa ń mu nínú rẹ̀, ohun tí mo fi pamọ́ sì ti fẹ́ lé yín jáde nílé. Tiwa ni kí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn. Kí a tó gun òrùlé lọ ka aṣọ ẹlòmíràn, ìdí báàfù tiwa ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ wò."